Rọ́bà Gáàsì Inú Ọkọ̀ Tí A Sọ Di Ilé

Ní Ìlú Ọba, àwọn kan a máa ra ògbólógbòó ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú. Wọn a kùn ún lọ́dà, wọn a pààrọ̀ táyà rẹ̀, wọn kò ní wo rọ́bà gáàsì, bẹ́ẹ̀ ọdún tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀. Èmi kò rí àwíjàre kankan fún èyí. Gáàsì pròpéènì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni yóò kó jọ sí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dá ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀, ihò tí àwọn mìíràn (ẹ wo ọgbọ́n!) ń dí nítorí òtútù. Ẹ fi omi ọṣẹ pa oríkèé rọ́bà náà. Bí ó bá ń hó, ẹ ti gáàsì pa, kí ẹ pe oníṣẹ́ tó ní ìwé ẹ̀rí. Owó rọ́bà tuntun kò tó owó táyà kan.