Ẹ̀wù Ayẹta Olówó Pọ́ọ́kú: Ta Ló Jẹ́rìí Sí I?

Láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì, tí àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, tí ẹ̀mí àwọn olùjọ́sìn tí ó lé ní 40 sì bọ́, ọ̀rọ̀ ààbò kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ. Àwọn ìjọ kan ti gba ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà; àwọn mìíràn ń gbèrò láti wọ ẹ̀wù ayẹta fún wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti ń wọlé. Awo sẹ̀rámíìkì tí a ń kì bọ àyà àti ẹ̀yìn ẹ̀wù náà pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye owó òmíràn kò tó ìdajì ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ìlérí kan náà ni gbogbo àwọn tí ń tà á ń ṣe. A rò pé ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò fínnífínní, nítorí pé ẹni tí ń san owó awo náà kọ́ ni ẹni tí yóò gbé e sí àyà.

Orúkọ rẹ̀ gan-an lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ayẹta ni èyí tí wọ́n gbà pé yóò mú ọta yẹ̀ kúrò lára ẹni. Awo yìí kì í yẹ ọta. Ó ń gbà á sára ni. Iwájú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀rámíìkì, ọmọ ìyá abọ́ tánganran, ohun tí a fi iná sun títí ó fi le ju irin lọ. Ọta tí ó bá bà á yóò fọ́, tàbí kí imú rẹ̀ wó. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ fọ́nrán Kevlar tàbí ti ọ̀rá líle tí a tẹ̀ pọ̀ nípele-nípele, èyí tí yóò gba àfọ́kù náà mú. Àtè ni ó so méjèèjì pọ̀.

Sẹ̀rámíìkì mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Bí a bá fi omi ṣe òṣùwọ̀n, alumina wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 3.9, silicon carbide ní ìlọ́po 3.2, boron carbide ní ìlọ́po 2.5. Alumina ni owó rẹ̀ kéré jù. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí owó kékeré ń rà ni ìwúwo, kì í ṣe àìdára. Awo alumina tí a ṣe dáadáa lè dá ọta líle dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè máa ru kílò mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú, kí ó tún ru irú rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ọlọ́jà bá wí pé awo òun pọ́ọ́kú, pé ó fúyẹ́, pé ó sì ń dá ọta tí ń gún irin dúró, ìgbà náà ni kí a fura.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń tọ́ka sí ni ti National Institute of Justice ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní NIJ, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1972. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2008, awo Ìpele III gbọ́dọ̀ gba ọta mẹ́fà tí ń sáré ní mítà 847 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ọ̀kankan má sì kọjá. Ìpele IV gbọ́dọ̀ dá ọta tí ń gún irin dúró, èyí tí ń sáré ní mítà 878, ṣùgbọ́n ọta kan péré ni ìlànà náà fi dandan lé fún awo kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó rò pé ọta mẹ́wàá ni IV ṣèlérí ti ka ohun tí a kò kọ. Ohun mìíràn tún wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n níhìn-ín: ọta AK-47, ìbọn tí àwọn agbébọn ilẹ̀ wa ń lò jù, kò sí nínú ìdánwò Ìpele III ti ọdún 2008. Inú ìlànà tuntun tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n ti fi í sí, lábẹ́ ìpele tí wọ́n pè ní RF1. Ẹ̀wù aláṣọ nìkan, tí a ń pè ní IIIA, ìbọn kékeré ni a ṣe é fún. Àwọn awo kan sì wà tí wọn kò lágbára àfi bí a bá wọ IIIA sábẹ́ wọn, ọlọ́jà kì í sì í sábà pariwo ìyẹn.

Ó yẹ kí a gbọ́ èdè àwọn ọlọ́jà. "A dán an wò gẹ́gẹ́ bí ìlànà NIJ" yàtọ̀ gidigidi sí kí NIJ fúnra rẹ̀ kọ orúkọ awo náà sínú ìwé àwọn ohun tí ó yege. Ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn. Èyí tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe pé ó yege lẹ́ẹ̀kan péré. Àjọ náà a máa padà lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é láti mú lára èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kí wọ́n tún yìnbọn sí i. Èyí ni awo olówó pọ́ọ́kú kò sábà ní. Fídíò tí ọlọ́jà ti yìnbọn sí awo tirẹ̀ jẹ́rìí sí awo kan ṣoṣo yẹn, èyí tí ó sì ti fọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé owó ńlá ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀wù kan tí wọ́n ń pè ní Dragon Skin lókìkí ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ kò kéré, àwo sẹ̀rámíìkì róbótó tí ó gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja ni wọ́n sì fi ṣe é. Nígbà tí àwọn ológun dán an wò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2006, 13 nínú ọta àkọ́yìn àti èkejì ni ó wọlé tààrà. Ooru àti òtútù tú àtè rẹ̀, àwọn àwo náà sì yọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ní ọdún 2007 ni NIJ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Àtè ni, ohun tí ojú kò rí, tí ọlọ́jà kò sì í polówó. Ẹ jẹ́ kí a rántí ooru inú ọkọ̀ tí a dé sínú oòrùn nílẹ̀ wa.

Ní ọjà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìkòkò a máa fi ìka kàn án, a sì dẹtí sí dídún rẹ̀ kí ó lè mọ̀ bí ó bá ti sán. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí awo yìí. Ọgbọ́n náà dára fún ìkòkò, ṣùgbọ́n aṣọ ni ó bo awo yìí, ọ̀rá líle sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ìró rẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Ẹ̀rọ X-ray ni àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń wá ìsán inú tiwọn. Fún ìdí èyí, awo tòkunbọ̀, tí a kò mọ iye ìgbà tí ó ti já lulẹ̀, ni a kò lè gba ìjọ kankan nímọ̀ràn láti rà, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Òfin náà ń bẹ: ẹni tí yóò bá kó irú ẹrù yìí wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò Orílẹ̀-èdè. Kí ìgbìmọ̀ tí ó fẹ́ rà bèèrè nọ́ńbà irú awo náà, ọjọ́ tí a ṣe é, àti ìwé ìdánwò láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn tí kì í ṣe ọlọ́jà. Bí owó kò bá ká awo tí ó ní ẹ̀rí, a gbà pé ó sàn kí a lo owó náà fún géètì àti iná, kí a sì sọ òtítọ́ fún ẹ̀ṣọ́ pé ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ kò lè dá ọta AK dúró, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò sá sẹ́yìn ògiri. Bí a bá sì rà á, kí a fi ìwé ìdánwò náà lé ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, kí a túmọ̀ rẹ̀ fún un ní èdè tí ó gbọ́, kí ó tó wọ ẹ̀wù náà.