Ìwọ̀n tó ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀



Àpò símẹ́ǹtì kan, 50 kílò ni. Bí ẹ̀rọ tó ń di àpò bá dín 5 kílò lójijì, gbogbo wa la ó pariwo. Bó bá ń dín 100 gíráàmù ńkọ́? Ẹni tó rù ú kò ní mọ̀.

Ní 1954, E. S. Page, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọgbọ́n kan jáde: ẹ má wo àpò òní nìkan. Ẹ kọ iye tó fi dín tàbí tó fi lé, kí ẹ sì rò ó mọ́ ti àtẹ̀yìnwá.

Ká ní àpò 6 rí báyìí: ó dín 100, ó lé 50, ó dín 150, ó dín 100, ó lé 50, ó dín 150. Kò sí èyí tó bani lẹ́rù nínú wọn, àbí? Àpapọ̀ wọn ti dín 400 gíráàmù. Bí ẹ̀rọ bá pé, lílé àti dídín a máa pa ara wọn rẹ́. Bí àpapọ̀ bá ń lọ sísàlẹ̀ ṣáá, ẹ̀rọ ti yẹ̀.

Kí a ti fẹnu kò ṣáájú sórí iye tí a ó fi dá ẹ̀rọ dúró, kó má baà dìjà.

Èmi kò gbà pé iṣẹ́ ẹ̀ńjíníà nìkan ni èyí. Ẹni tó kọ́ ìṣírò ní kíláàsì alẹ́ lè ṣe é. Ẹ̀yin tó ń fi ìwọ̀n ta àgbàdo, ẹ mú pẹ́ńsùlù.