Páwà ọ̀fẹ́ inú kéésì kọ̀ǹpútà: Ọ̀fẹ́ tó ń náni lówó gọbọi

Bí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bá ti pé ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọ̀kan nínú ohun tó máa ń kọ́kọ́ yọnu nínú ẹ̀ ni páwà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gba iná NEPA tàbí ti jẹnẹrétọ̀, tó sì ń sọ ọ́ di iná fóòtì 12, 5 àti 3.3 tí inú kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹni tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà á máa tẹ iṣẹ́ oníbàárà lọ jẹ́ẹ́jẹ́, kọ̀ǹpútà á kàn kú lójijì. Á tún tan án, á tún kú. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó ju gbogbo ẹ̀ nù, kó lọ ra tuntun. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fọwọ́ tò, èyí tí wọ́n ń pè ní kílóònù ní Computer Village n'Ìkẹjà, ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Lọ́dún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ATX jáde, tó fẹnu kò sí bí páwà ṣe máa tóbi tó, àti ibi tí ojú síkúrù máa wà nínú kéésì. Ìdí nìyẹn tí páwà òde òní fi lè wọ kéésì ogún ọdún sẹ́yìn. Wáyà tó lọ sí mọ́dábọ́ọ̀dù ní ihò 20 tẹ́lẹ̀, ó di 24 láti nǹkan bí ọdún 2003, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ páwà tuntun ló ní mẹ́rin tó ṣeé yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè bá ti àtijọ́ mu.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ ni pé, tó bá béèrè páwà, wọ́n á ní kó kúkú ra kéésì tuntun, pé páwà 500 wáàtì wà nínú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kéésì náà á máa dán, inú oníbàárà á sì dùn. Àmọ́ gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Láti ìgbà Pentium 4 tó jáde lọ́dún 2000 ni pírósẹ́sọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná láti ojú fóòtì 12. Nítorí náà, kí oníbàárà wo ẹ̀gbẹ́ páwà níbi tí wọ́n kọ +12V sí, kó wo iye A tó wà níbẹ̀, kó sì sọ ọ́ di ìlọ́po 12. Bó bá jẹ́ 10A, 120 wáàtì péré nìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 500 gàdàgbà síwájú ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí kò ní káàdì géèmù kì í sábà lò ju 150 wáàtì lọ, torí náà ojúlówó 350 sàn fún un ju ayédèrú 600 lọ.

Páwà tí kò dáa kì í dá kú. Iná tó ń ṣe ségesège lè ba mọ́dábọ́ọ̀dù àti háàdì dísìkì jẹ́, inú háàdì dísìkì yìí sì ni ìwé gbèsè àti iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìyẹn.

Owó epo tún ń bẹ níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń lo 100 wáàtì, páwà tó ń gbé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó gbà kọjá máa fa 125 wáàtì lára jẹnẹrétọ̀. Èyí tó jẹ́ ìdá 65 ló ń gbé kọjá máa fa nǹkan bíi 154, á sì fi ìyókù ṣe ooru. Àmì 80 PLUS, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, wà fún kéèyàn lè mọ ìyàtọ̀.

Àwọn oníṣòwò máa ń sọ pé oníbàárà ló ń dúnàá-dúrà títí tí àwọn fi ń kó èyí tí kò dáa wá. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó bá kéésì dídán lọ gan-an ló yẹ kó bá páwà lọ. Kéésì àtijọ́ tí kò tíì dípẹtà ṣì wúlò: kí wọ́n fi búlówà fẹ́ eruku inú ẹ̀ dànù, kí wọ́n pààrọ̀ fáànù tó ti kú. Àfi tí atẹ́gùn kò bá ráyè jáde lẹ́yìn ẹ̀ ló yẹ ká pààrọ̀ ẹ̀, kéésì tí kò ní páwà nínú ló sì yẹ kéèyàn rà. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra páwà tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wo bọ́tìnnì pupa ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá wà lórí 115, tí wọ́n sì kì í bọ iná 230 tiwa, á gbiná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà, náà ní láti dìde. Bí wọ́n ṣe ń yẹ wáyà iná wò lọ́jà ló yẹ kí wọ́n máa dán páwà wò, kí wọ́n mọ̀ bóyá wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀.

Kó tó dìgbà náà, kí oníbàárà fúnra ẹ̀ ka ohun tó wà lára páwà kó tó sanwó. Ilé tá a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.