Ṣé Lóòótọ́ Ni Pelé Dá Ogun Dúró?

Ẹ dárúkọ Pelé ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Ọkùnrin yẹn ló dá ogun Biafra dúró o!" Ṣàṣà lẹni tó máa ń bi onítọ̀hún léèrè pé báwo. Nígbà tí Pelé kú ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 2022, orí ayélujára kún fún ìtàn náà: wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ àti Biafra fohùn ṣọ̀kan pé kí ìbọn dákẹ́ fún wákàtí 48, kí tọ̀tún tòsì lè wo ọba bọ́ọ̀lù. Ìtàn náà dùn. Èmi tí mo lè torí bọ́ọ̀lù gbàgbé oúnjẹ, ó wù mí kó jẹ́ òótọ́.

Ohun tó dájú nìyí. Santos, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Pelé láti Brazil, wá sí Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n bá ikọ̀ Nàìjíríà ta ọ̀mì 2-2 ní Èkó (ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ́n ayò ni ọ̀mì, àmọ́ bọ́ọ̀lù ti gbà á). Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, wọ́n na ikọ̀ Mid-West ní 2-1 ní ìlú Bìní. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967 ṣì ń jà nígbà náà, kò sì parí títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970.

Àwọn tó yẹ ìwé ìròyìn ìgbà náà wò kò rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ogun dúró. Pelé fúnra rẹ̀ kọ ìwé nípa ayé rẹ̀ ní ọdún 1977, kò mẹ́nu bà á. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ló tó sọ ọ́ nínú ìwé mìíràn, tìkọ̀tìkọ̀ sì ni. Wọ́n tún ní gómìnà ológun Mid-West, Samuel Ogbemudia, ṣí afárá kí àwọn ará òdìkejì lè wá wòran. Afárá wo? Afárá odò Ọya tó so Asaba mọ́ Onitsha ti bàjẹ́ láti oṣù Kẹwàá ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra ló fọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń sá padà.

Orúkọ Asaba yìí ni kò jẹ́ kí ìtàn náà dùn mọ́ mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú Mid-West kan náà tí Santos ti gbá bọ́ọ̀lù ni Asaba wà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 1967, àwọn ará ìlú náà wọ akwa ocha, aṣọ funfun wọn, wọ́n jáde tijótayọ̀ láti kí àwọn ọmọ ogun ìjọba káàbọ̀, wọ́n ń kígbe pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn mọ̀. Àwọn ọmọ ogun ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, wọ́n sì yìnbọn fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló kú. Oṣù mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà ni Pelé dé Bìní. Mélòó nínú wa ló mọ ìtàn Asaba bí a ṣe mọ ti Pelé?

Ẹnìkan sì wà tó gbìyànjú láti dá ogun náà dúró ní tòótọ́. Òǹkọ̀wé eré ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, Wọlé Ṣóyínká lọ bá Ojukwu ní ìhà Ìlà-Oòrùn, ó ń wá bí ìjà náà ṣe máa parí. Ìjọba gbé e, ó sì lé ní ọdún méjì látìmọ́lé, òun nìkan nínú yàrá fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: nígbà tí ará Èkó ń pàtẹ́wọ́ fún Pelé, Ṣóyínká wà lẹ́wọ̀n ní Kaduna, kò sì jáde títí di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Christopher Okigbo, akéwì tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ Mbari n'Ìbàdàn, ti kú sójú ogun nítòsí Nsukka ní ọdún 1967. Okigbo yìí kì í ṣe ọ̀jẹ̀wé lásán o, eléré ìdárayá gidi ni nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Umuahia. Mo máa ń rò ó pé ká ní ó wà láyé, á wá ọ̀nà wo Pelé.

Mi ò bá bọ́ọ̀lù jà. Lójú tèmi, ohun tó mú kí a fẹ́ràn ìtàn Pelé ni pé kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Kò sí apani nínú rẹ̀, kò sí ọmọ tí ebi ń pa. Ogun kàn dà bí eré tí rẹ́fírì fọn fèrè sí fún ìsinmi ni. Ẹni tó bá sì ń pàlọ́ Ìjàpá á kọ́kọ́ ní "Ààlọ́ o!" kó tó bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ìtàn Pelé kò ní ààlọ́ o níwájú. Àwa Yorùbá náà kò sì lè sọ pé ìjà ẹlòmíràn ni. Victor Banjo tó kó ọmọ ogun Biafra dé Ore, Yorùbá ni. Benjamin Adékúnlé tó ṣáájú ọmọ ogun ìjọba, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni.

Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi Ìbàdàn ayé ogun hàn wá láìfi ẹ̀jẹ̀ pamọ́, síbẹ̀ èrò wọ́ lọ wò ó ní pápá ìṣeré bí ẹni ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rí nípa ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1969. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, bí bàbá tàbí ìyá yín bá wà ní Èkó tàbí Bìní lọ́dún náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n: èló ni wọ́n fi wọlé? Ṣé sójà wà lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ dárúkọ ogun lọ́jọ́ náà? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.