Oyè Tí Kò Ní Owó Oṣù



Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé wá bá mi nílé. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi í ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn. Ó jókòó, ó mu omi, ó wá ní: «Bàbá, iṣẹ́ yìí kò ní owó oṣù. Owó zémidjan, owó ìwé àti owó tẹlifóònù, èmi náà ni n ó máa san án. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni èrè mi níbẹ̀?»

N kò dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè olójúkòkòrò. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó gbọ́ bùkátà ilé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a ó fi àkókò rẹ̀ ṣe.

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí wọ́n ní kí ó wá di òpó kan mú nínú rẹ̀. Ní ọdún 1969 ni a dá àjọ àgbáyé àwọn olùkọ́ èdè Faransé sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Fédération internationale des professeurs de français, tàbí FIPF. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100 ni ó para pọ̀ di àjọ yìí. A pín wọn sí ẹkùn: Áfíríkà àti erékùṣù Òkun Íńdíà ní ẹkùn tiwọn, Àríwá Amẹ́ríkà, Látìn Amẹ́ríkà, Éṣíà, Yúróòpù àti ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá náà ní tiwọn. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní olórí rẹ̀, àwọn olórí wọ̀nyí a sì máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń darí àjọ. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìpàdé ńlá wọn máa ń wáyé. Wọ́n pàdé ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2012, àti ní Liège, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 2016. Àrùn Kòrónà sún ìpàdé ọdún 2020 síwájú, Tùnísíà ni wọ́n sì ti ṣe é ní ọdún 2021.

Ẹ ṣàkíyèsí bí ipò alága ti ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Jean-Pierre Cuq, ará Faransé, gbé e fún Jean-Marc Defays, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 2016. Ní ọdún 2021, Defays náà gbé e fún Cynthia Eid. Olùkọ́ ni wọ́n. Ìyọ̀ǹda ara-ẹni ni wọ́n fi ń ṣe olórí. Bí ó ti rí lókè ni ó rí nísàlẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé tí ń fi zémidjan kiri láti pe ìpàdé.

Ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni agbára wà. Ìpàdé àgbáyé kò lè mọ̀ pé olùkọ́ kan ń fi ìwé kan ṣoṣo kọ́ ọgọ́ta ọmọ. Ẹ̀ka ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka ni ó lè kó olùkọ́ mẹ́wàá jọ ní ọjọ́ Sátidé kan kí wọ́n fi ọgbọ́n iṣẹ́ han ara wọn. Níhìn-ín lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ náà tún kọjá ààlà orílẹ̀-èdè. Ní Ajárá, lẹ́bàá Badagry, ìjọba Nàìjíríà ní abúlé èdè Faransé kan. Yunifásítì Abomey-Calavi ní CEBELAE. Lomé sì ní Village du Bénin. Láti Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń wá kọ́ Faransé ní Abomey-Calavi àti ní Lomé, èdè Yorùbá sì ni ó wà lẹ́nu púpọ̀ nínú wọn. Ìjọba lè kọ́ ilé. Kí olùkọ́ Àjàṣẹ́ mọ olùkọ́ Badagry, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka a máa kú, mo sì ti rí òkú ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, a ní ẹ̀ka kan tí ó gbóná. Ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ṣe olórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ènìyàn rere ni, kò jí kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni ìwé orúkọ àti ìwé owó wà, òun nìkan ni ó sì mọ ẹni tí a ń kọ̀wé sí. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, a kò mọ ẹni tí ó ti san owó ẹgbẹ́, a kò sì mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn. Láàárín ọdún kan, ẹgbẹ́ di ìtàn. A dá a lẹ́bi. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé àwa náà jẹ̀bi: ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án náà, kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó sọ pé, «Ẹ jẹ́ kí n gbà á.»

Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Bí a bá pe ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ni iṣẹ́ yóò pèsè oúnjẹ, àwọn tí ó wá yóò ṣiṣẹ́, wọn yóò sì lọ. Kò jẹ wọ́n ní gbèsè iṣẹ́. Ti àáró kò rí bẹ́ẹ̀: oko tìrẹ lónìí, oko tèmi lọ́la. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rò pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n pe òun sí, ó sì ń wá oúnjẹ. Mo sọ fún un pé àáró ni. Olùkọ́ tí ó fi ẹnu ọ̀nà hàn án nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ti ṣe oko tirẹ̀. Ó kù kí òun náà ro oko ẹlòmíràn.

Ohun méjì ni ó ń ba àáró jẹ́: ẹni tí ó kọ̀ láti gba ipa tirẹ̀, àti ẹni tí kò jẹ́ kí ipa kan ẹlòmíràn. Nítorí náà, mo ní kí ó gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn. Kí wọ́n dá iye ọdún tí yóò lò. Kí àpò ẹgbẹ́ dá owó ìrìnnà rẹ̀ padà, nítorí ìyọ̀ǹda ara-ẹni kì í ṣe ìjẹgbèsè. Kí ènìyàn méjì máa fọwọ́ sí ìwé owó. Kí ìwé orúkọ ní ẹ̀dà méjì, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ọjọ́ kìíní sì ni kí ó ti yan ọ̀dọ́ kan tí yóò máa bá a kọ ìwé ìpàdé.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: «Bàbá, ẹ ń kọ́ mi ní bí n ó ti kúrò kí n tó dé.»

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ti gba iṣẹ́ náà fún ọdún méjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí wọ́n bá pè yín lọ́la, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí ẹ ó gbé e sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ wọn.

Ó dìgbà.