A Kì Í Bu Owó Lé Ọjà Tí A Ti Tà

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, nítorí ọ̀rọ̀ géèmù orí fóònù àti kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ àdéhùn ni, ó sì kan gbogbo ẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Unity. Irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe géèmù ni ó ń tà. Òun ni wọ́n fi ṣe Pokémon Go, Among Us àti Hollow Knight. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì mú owó ńlá wá ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ó ti rọ́wọ́ mú ń san owó lọ́dọọdún lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ń lò ó.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Unity kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn yóò máa gba owó nígbàkúùgbà tí ẹnì kan bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ẹni tí ń lo irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ bá ti pa $200,000 láàárín oṣù 12 lórí géèmù kan, tí a sì ti gbé e sórí ẹ̀rọ nígbà 200,000, yóò san sẹ́ǹtì 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀lé e. Èyí tí ó burú jù ni pé òfin náà mú géèmù tí wọ́n ti ṣe parí, tí ó ti wà lórí àtẹ láti ọdún pípẹ́.

Ẹ wò ó báyìí. Télọ̀ kan yá ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń san owó rẹ̀ déédéé. Lọ́jọ́ kan, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ dé, ó ní: “Láti oṣù tí ń bọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá gbé aṣọ tí o rán wọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, o ó san owó fún mi, ìbáà jẹ́ èyí tí o ti rán láti ọdún mẹ́ta, tí ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn alátùntà.” Télọ̀ náà ti dá iye lé aṣọ, ó ti gba owó, ó ti ná an. Níbo ni yóò ti rí i?

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlérí wà nílẹ̀. Ní ọdún 2019, Unity fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹni tí àyípadà bá pa lára lè dúró lórí àdéhùn àtijọ́, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń lo irinṣẹ́ àtijọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn padà lọ wá ìlérí yìí ní 2023, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ náà ń pàdánù owó. Òótọ́ ni, àwa kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi owó kún ọjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kún un, kí ó fi kún ti ọ̀la, kí ó sì sọ ọ́ kí ọ̀la tó dé, kí ẹni tí kò bá lè san án lè wá ibòmíràn gbà. Ti àná ti kọjá. A kì í bu owó lé e mọ́.

Àwọn oníṣẹ́ náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Àwọn kan pa ìpolówó Unity tí ń mówó wọlé fún un nínú géèmù wọn. Àwọn mìíràn kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ Godot, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kò ní ọ̀gá kan tí ó lè jí lówùúrọ̀ kí ó yí òfin padà. Kò pé ọjọ́ 11 tí Unity fi tọrọ àforíjì, tí ó sì ní owó náà kò ní kan irinṣẹ́ àtijọ́ mọ́. Ní oṣù kẹwàá, ọ̀gá àgbà wọn, John Riccitiello, fi ipò sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n fagi lé owó náà pátápátá. Wọ́n wá fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ọdọọdún Unity Pro láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ọ̀nà tí ó tọ́ ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá.

Ṣùgbọ́n kí a má jó jù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, Unity kéde pé òun yóò dá òṣìṣẹ́ bí 1,800 dúró, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo wọn. Àwọn yẹn kọ́ ni ó gbé òfin náà kalẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tiwa nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àdéhùn síwájú yín, ẹ wá ibi tí ó ti sọ pé “a lè yí èyí padà nígbàkúùgbà.” Ibẹ̀ ni ejò wà. Kí ẹgbẹ́ wa máa béèrè pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àdéhùn ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́ ni a ó fi san owó iṣẹ́ náà, ìbáà jẹ́ owó oṣù, ìbáà jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni kan ṣoṣo kò lè gba èyí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.