Àgbẹ̀ Kì í Jẹ Èbù

Àgbẹ̀ ni bàbá mi àgbà ní ìtòsí Ṣakí. Bí wọ́n bá kórè àgbàdo, wọn a yan èyí tí ó dára jù lọ, wọn a so ó rọ̀ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Wọn a sì tún fi díẹ̀ sílẹ̀ ní abà. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kò kó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Wọ́n ní, "Bí iná bá jó ilé, ṣé yóò jó oko pẹ̀lú ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni n kò rántí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ni mo kó àwòrán àwọn aṣọ òfì tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi hun ní Ìsẹ́yìn sí: sányán, àlàárì àti ẹtù. Ohùn wọn náà wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi dolóògbé. Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo kọ̀ǹpútà náà, àti Windows àti fáìlì, ọkàn mi sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni mo kó ẹ̀dà náà sí? Apá D lára dísìkì kan náà ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná dé pẹ̀lú agbára tí ó kọjá àlà. C kú, D náà sì kú. Mo rí àwòrán díẹ̀ gbà lórí fóònù àwọn ẹbí. Ohùn náà kò padà mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí tèmi kọ́ yín lọ́gbọ́n. Ẹ wá fílàsì 16GB tí kò sí nǹkan gidi lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ ni yóò parẹ́. Ẹ wá "Create a recovery drive" nínú Windows, kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Fílàsì yìí ni yóò jí kọ̀ǹpútà tí ó bá kọ̀ láti tàn. Lẹ́yìn náà, ẹ so dísìkì àtòdewá mọ́ ọn, kí ẹ lo "Create a system image" tí ó wà nínú Control Panel. Lọ́jọ́ ìṣòro, ẹ fi fílàsì náà tan ẹ̀rọ, kí ẹ yan "Troubleshoot", kí ẹ sì wá "System Image Recovery". Ẹ fi sọ́kàn pé ipò tí kọ̀ǹpútà wà lọ́jọ́ tí ẹ ṣe ẹ̀dà ni yóò padà sí. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ní sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa ṣe ẹ̀dà fáìlì yín lọ́tọ̀ lemọ́lemọ́.

Bí ẹ bá ti parí, ẹ yọ dísìkì náà kúrò. Ní oṣù Èbìbí 2017, àrùn kọ̀ǹpútà WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa káàkiri ayé. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ kì í dá dísìkì tí ó bá wà lára ẹ̀rọ sí. Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ni ó sọ òfin yìí di mímọ̀: kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà níta ilé. Bàbá mi àgbà kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀.

Lónìí, dísìkì kan wà nínú àpótí mi ní Ṣakí, èkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn. Oṣooṣù ni mo ń sọ wọ́n di tuntun. Ohùn kan ṣoṣo ni kò sí nínú méjèèjì.